Ẹlẹ́dẹ̀ Ìyá Rẹ àti Iná Aláwọ̀ Ojú Ọ̀run

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kìíní

Ọmọ mi Olórí-kunkun,

Mo kí ọ. Ṣé ara rẹ le? Èmi wà láàyè, ẹni tó wà láàyè ló ń ránṣẹ́. Aránṣọ tó gba yàrá iwájú ló ń bá mi kọ èyí bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má fi ṣúgà sí i. O ní kí n máa gbé fóònù. Mi ò fẹ́. Ọ̀rọ̀ inú fóònù a sá lọ kí n tó gbé e mì. Lẹ́tà ni mo lè ní kí wọ́n tún kà fún mi.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀. Olórí àdúgbò wá bá mi láàárọ̀ àná, òun àti àwọn obìnrin tó ń pọnmi nísàlẹ̀ odò. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi aṣọ bo imú. Wọ́n ní ààtàn ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ mi ti ga ju ògiri lọ. Wọ́n ní bí òjò bá rọ̀, inú odò ló ń ṣàn lọ. Wọ́n ní eṣinṣin ilé mi ló ń bá àwọn jẹun. Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ náà ńkọ́, ṣé òdòdó lẹ rò pé ó ń ṣu?" Olórí àdúgbò ò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí òjò ńlá bá bá ẹ̀gbin yẹn níbẹ̀, kí n kó ẹlẹ́dẹ̀ mi kúrò ládùúgbò.

O mọ̀ pé kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ mi. Ẹlẹ́dẹ̀ ìyá rẹ ni. Òun ló rà wọ́n ní kékeré, òun ló gbẹ̀bí fún abo ńlá tí à ń pè ní Màdáámù. Bí wọ́n bá lọ, kò sí ohun ẹlẹ́mìí kan tó kù nínú ilé yìí tí ọwọ́ ìyá rẹ kàn, àfi èmi.

Aránṣọ ní kí n sọ fún ọ pé ojú mi máa ń pọ́n, ó sì máa ń ṣomi. Èéfín ni. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, èmi ni mò ń dáná fún ara mi, igi tútù kì í sì í ṣojú rere sí ẹnikẹ́ni. Má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú. Mo sin aya mi, mi ò sunkún. Bí o bá wà níbẹ̀ ni, ò bá ti rí i.

Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ nìyí. Níbi iṣẹ́ tí o ní ẹ ti ń to páìpù mọ́ ìgbẹ́ màlúù yẹn, kí ni wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe? Àbí ẹran tiwọn kì í ṣu ni?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìdáwà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ bá mi kí Aránṣọ, ẹ sọ fún un pé kó máa fi ṣúgà díẹ̀ sí i, kò ní pa yín lára.

Nígbà tí mo ka ìbéèrè yín tán, mo fò sókè níbi tí àwa òṣìṣẹ́ ti ń jẹun, àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé nǹkan ta mí ni. Bàbá, láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí ni mo ti ń dúró de kí ẹ bi mí!

Iná là ń fi ìgbẹ́ ẹran dá níbí. Ẹ gbẹ́ kòtò, kí ẹ fi bíríkì mọ ọ́ yíká, kí ẹ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kí omi má jò. Ẹ da ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ sí i, ẹ da omi sí i, kí wọ́n jẹ́ ọgbọọgba. Pòròpórò àgbàdo tí ẹ máa ń dáná sun létí oko, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ dà á mọ́ ọn. Kẹ́ ẹ lọ bá alápatà, kó fún yín ní ìgbẹ́ màlúù tútù, ẹ fi ṣe ìwúkàrà rẹ̀. Kẹ́ ẹ wá fi rọ́bà tó nípọn dé e pa, kí atẹ́gùn má ráyè wọlé. Ohun tó bá ń jẹrà níbi tí atẹ́gùn kò sí, gáàsì ló ń yọ. Gáàsì yẹn máa ti rọ́bà náà sókè, páìpù á gbé e wá sí ilé ìdáná, ẹ ó ṣá iná sí i, á sì jó láìsí èéfín.

Ààtàn tó wà níta yẹn, gáàsì kan náà ló ń tú jáde lójoojúmọ́. Ó ń gòkè lọ, ó ń bo ayé bí ìgbà tí a fi aṣọ òtútù bo ẹni tí ara rẹ̀ gbóná. Bí ẹ bá mú un sínú kòtò, tí ẹ sun ún, ìpalára rẹ̀ á dín kù gan-an. Odò á mọ́. Ẹ ò ní gé igi mọ́. Ohun tó bá sì ṣẹ́kù nínú kòtò, ajílẹ̀ tí kì í rùn ni.

Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi í sínú àpò ìwé yìí. Ẹ gbé e fún birikilà.

Bàbá, mo ṣì ń gbọ́ ikọ́ ìyá mi létí mi, bó ṣe máa ń jáde láti inú ilé ìdáná yẹn. Mi ò fẹ́ gbọ́ tiyín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì

Olórí-kunkun,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kọ́kọ́ sọ pé ọpọlọ rẹ ti dàrú. Mo ní, ẹlẹ́dẹ̀ mi kéréje yìí ló ń mú ayé gbóná? Ayé náà ò ní nǹkan mìíràn tó ń dà á láàmú ni? Lẹ́yìn náà ni mo lọ dúró ti ààtàn láàárọ̀ tí òtútù mú, mo rí i tí ooru ń rú jáde nínú rẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbóná bí ọbẹ̀. Mo wá mọ̀ pé nǹkan ń bẹ nínú rẹ̀ lóòótọ́.

Birikilà wo àwòrán rẹ títí. Ó ní, "Bàbá, ṣé sàréè ẹlẹ́dẹ̀ lẹ fẹ́ mọ ni?" Mo ní, "Rárá, ikùn ni." Ó ní ikùn tòun náà ń ké o, kí n fún òun ní oúnjẹ kóun tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ó mọwọ́, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó mọ ọ́n róbótó bí ìkòkò. Èmi náà fi òye tèmi kún un. Mo la gọ́tà tààrà láti ilé ẹlẹ́dẹ̀ wọ inú kòtò, kí ohun gbogbo tí mo bá fọ̀ máa ṣàn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ò sí nínú àwòrán rẹ.

A fi ọmọlanke kó ààtàn yẹn dà sínú kòtò títí ilẹ̀ fi hàn. Mo rí ilẹ̀ ibẹ̀! Mo ti gbàgbé pé ilẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ odò ń gba ibẹ̀ kọjá, wọn ò fi aṣọ bo imú mọ́. Ọ̀kan ní, "Bàbá Gáàsì, ẹ kú iṣẹ́ o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.

Mi ò sọ pé inú mi ń dùn. Aránṣọ ló ní ẹ̀rín wà lójú mi. Mo ní kó kọ ọ́ pé iṣẹ́ ń lọ.

Ohun kan ni kí o fetí sí. Iná yẹn kò ní wọ ilé ìdáná ìyá rẹ. Ààrò rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì máa wà. Ìta ni a óò to tìrẹ sí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Bàbá mi, Bàbá Gáàsì,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá! Mo ka lẹ́tà yín fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo dé ibi "mo rí ilẹ̀ ibẹ̀", wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yín. Ọ̀gá wa ní kí n kí bàbá tó ń mọ ikùn.

Ẹ ní sùúrù fún un. Ẹ má ṣáná nítòsí kòtò rárá. Gáàsì tó bá kọ́kọ́ jáde, ẹ jẹ́ kó fẹ́ lọ, kì í jó dáadáa. Bí rọ́bà bá ti wú, ẹ kọ̀wé sí mi lójú ẹsẹ̀.

Ti ilé ìdáná, mo ti gbọ́. Ẹ̀yin lẹ ni ilé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin

Ìwọ ọmọ yìí,

Ṣé dáadáa lo wà? Èmi ò sí ní dáadáa.

Kòtò rẹ kò mí. A ti ń dúró, a ti ń dúró, rọ́bà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ahọ́n màlúù tó ti kú. Mo fi etí lé e, kò sí ohun tó ń hó. Mo ṣí páìpù rẹ wò, kò sí ohun tó ń jáde níbẹ̀. Kòtò ti wá kún dé ẹnu, ó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ojú ọ̀run ti ń ṣú. Olórí àdúgbò wá síbi kòtò, ó tún fi aṣọ bo imú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ kàn ti ààtàn yín bọ ilẹ̀ ni. Bí òjò bá dé tí èyí bá ṣàn wọ odò, ẹ má bínú sí mi o, ẹlẹ́dẹ̀ ń lọ." Mo wọlé, mo tilẹ̀kùn. Èmi!

Àwọn tó ń kọjá ń bi mí pé, "Bàbá Gáàsì, ṣé ó ti jinná?"

O jókòó sí ìlú onílùú, o ya àwòrán, o fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Sọ ohun tó yẹ kí n ṣe, kí o sì sọ ọ́ kíákíá.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kò sóhun tó ṣe àwòrán náà, irú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lójú mi níbí lójoojúmọ́. Nǹkan kan ló ń wọ inú kòtò yẹn tí kò yẹ kó wọ̀ ọ́.

Ẹ sọ fún mi, láti àárọ̀ tí ẹ bá ti jí, ohun gbogbo tí ẹ ń ṣe nílé ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ má fo ìkankan. Kí ni wọ́n ń jẹ? Irú omi wo lẹ ń lò?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún

Olórí-kunkun,

Ṣé o rò pé mò ń ṣe ìmẹ́lẹ́ ni? Kí ojú tó mọ́ kedere ni mo ti wà lọ́dọ̀ wọn. Búrọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ ni mò ń lò, èyí tí irun rẹ̀ ti jẹ dé ìdí. Mo ń da oògùn apakòkòrò rẹ̀ sómi, èyí tó máa ń funfun bí wàrà, tí òórùn rẹ̀ máa ń ta ni nímú. Ìdérí kíkún ni mo ń wọ̀n, bó ṣe máa ń wọ̀n ọ́n. Mo ń fọ ilẹ̀, mo ń fọ ògiri, mo ń fọ ibi tí Màdáámù ń sùn sí, mo wá ń fi omi ṣàn án. Gbogbo rẹ̀ ń gba gọ́tà mi wọ inú kòtò, ẹ̀kán kan kì í ṣòfò. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, mi ò tíì fo àárọ̀ kan rí. Bí òtútù bá mú, mò ń lọ. Bí ara mi bá ń gbóná, mò ń lọ.

Nítorí náà, kò sí kòtò ìgbẹ́ tó mọ́ tó tèmi níbikíbi. Má wá ẹ̀bi síbí. Wá a sí ọ̀dọ̀ tìrẹ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Bàbá mi!

Mo ti rí i! Mo ń pariwo bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti rí i! Mímọ́ tó mọ́ yẹn gan-an ni ìṣòro wa!

Àwọn kòkòrò kan ló wà nínú kòtò yẹn tí wọ́n kéré débi pé ojú kò lè rí wọn. Wọ́n jọ ohun tó máa ń mú kí ìyẹ̀fun wú. Àwọn ló ń jẹ ìgbẹ́, gáàsì ni wọ́n sì ń gùfẹ̀ jáde. Bàbá, ẹran ọ̀sìn ni wọ́n. Ẹ ní agbo ẹran kejì lábẹ́ ilẹ̀, ẹ sì ń fún wọn ní májèlé mu ní gbogbo àárọ̀ kí wọ́n tó jẹun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá oògùn yẹn dúró. Omi lásán ni kẹ́ ẹ máa fi fọ̀ ọ́. Kí birikilà gbọ́n kòtò náà dé ìdajì, kó lọ da ohun tó bá gbọ́n sí kòtò mìíràn lókè oko, kó jìnnà sí odò. Kẹ́ ẹ tún gba ìgbẹ́ màlúù tútù lọ́wọ́ alápatà. Ó máa mí, Bàbá. Mo mọ̀ pé ó máa mí!

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà

Rárá.

Aránṣọ ka lẹ́tà rẹ. Mo ní kó tún un kà. Mo wá ní kó pa á dé.

Ìwọ tí o kò bá mi gbé ìyá rẹ sin, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí n óò ṣe pa iṣẹ́ rẹ̀ tì? Òórùn oògùn yẹn ni òórùn ìyá rẹ. Nígbà tó wà láyé, bó bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, òórùn yẹn ló ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Mi ò ní dá a dúró nítorí kòkòrò tí ojú kò rí. Bí kòtò ò bá fẹ́ mí, kó má mí.

Má kọ̀wé sí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ ní kí n má kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yẹn mọ́, mi ò sì ní kọ ọ́. Mo kàn ní kí n kí yín ni. Ṣé òjò ńlá ti rọ̀? Ṣé Màdáámù wà?

Ìbéèrè kan péré ni mo ní, kì í ṣe ti kòtò. Mo kéré nígbà tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn yẹn. Kí ló mú un bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣẹ́kù tó mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kí ẹnì kan tún mọ̀ ọ́n.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ gan-an. Mo mọ̀ pé mo pẹ́ kí n tó dá ọ lóhùn. Jókòó, kí o tó ka èyí. Aránṣọ ní òun ò lè kọ ọ́ bí mo ṣe ń yára sọ ọ́, mo ní kó gbìyànjú.

Mò ń da oògùn sínú korobá láàárọ̀ kan, ìbéèrè rẹ wá sí mi lọ́kàn. Kí ló mú ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀? Eṣinṣin ni. Ọdún tí àìsàn ń pa ẹlẹ́dẹ̀ káàkiri, ìyá rẹ ní eṣinṣin ààtàn ló ń gbé e wá. Ó ń bú wọn bí ẹni ń bú olè. Nítorí tiwọn ló ṣe ra oògùn yẹn.

Mo wo ilẹ̀. Mo wo ògiri. Mo wo ojú Màdáámù, níbi tí wọ́n máa ń bà sí jù. Eṣinṣin dà? Láti ìgbà tí ààtàn ti lọ ni wọ́n ti bá a lọ, èmi ò kíyè sí i. Mo dúró pẹ̀lú korobá lọ́wọ́, mò ń dúró de ọ̀tá tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ kì í fi nǹkan ṣòfò, o mọ̀ ọ́n. Bó bá wà níbẹ̀, á ti gba korobá yẹn lọ́wọ́ mi, á ní, "Bàbá Olórí-kunkun, kí lẹ fẹ́ pa?"

Mo dé ìgò náà, mo gbé e sórí pẹpẹ. Mo máa ń ṣí i gbóòórùn nígbà mìíràn. Ìyẹn ò kan kòtò.

Mo ránṣẹ́ pe birikilà. Ó gbọ́n kòtò dé ìdajì, ó ń bú mi, ó ń bú ọ, ó ń bú ẹlẹ́dẹ̀. A da ohun tó gbọ́n sí kòtò mìíràn lókè oko bí o ṣe wí. Mo lọ fi ọmọlanke kó ìgbẹ́ màlúù wá fúnra mi. Alápatà ní, "Bàbá, ẹran ni àwọn ènìyàn máa ń wá rà lọ́wọ́ mi o." Búrọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ ṣì ni mò ń lò. Omi lásán ló kù tó ń bá a rìn.

Ó wá wú! Ọmọ mi, ó wú! Mo jí láàárọ̀ kan, rọ́bà ti kúrò nílẹ̀, ó yọ ikùn bí aboyún. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó tì mí padà. Mo pariwo, Aránṣọ sáré jáde tòun ti aṣọ oníbàárà lọ́rùn. Mo ní kó dúró síbẹ̀, kó má mú abẹ́rẹ́ rẹ̀ dé ìtòsí!

Òjò ńlá rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Olórí àdúgbò gbé agbòjò, ó wá wo bí ẹ̀gbin mi yóò ṣe wọ odò. Kò rí nǹkan kan. Ìwọ̀nba tó ń ti ẹnu kejì tí birikilà ṣẹ̀ṣẹ̀ là fún kòtò jáde, àárín ewébẹ̀ mi ló ń lọ, ewébẹ̀ náà sì ti dúdú mìnìjọ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ wo odò, ó rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó padà wá, imú rẹ̀ wà níta gbangba. Ó wá bi mí ní ohùn kékeré pé, "Bàbá, ṣé ìgbẹ́ adìẹ náà máa ń jó?" Mo ní kó kọ̀wé sí ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ mọ́. Màdáámù wà níbẹ̀, ó ń sanra.

Ó ku ibi tí a óò gbé iná sí. Mo ti sọ fún ọ pé ìta ni. A tò ó síta, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ pa. Mo wọ ilé ìdáná ìyá rẹ, mo wo ògiri rẹ̀ tí èéfín ti sọ di dúdú, mo rántí ikọ́ tí o sọ. Mo ní kí birikilà lu ògiri, kó fa páìpù wọlé. Àárín òkúta ààrò ìyá rẹ gan-an la gbé e sí. Mi ò yọ òkúta kan.

Mo ṣá ìṣáná sí i. Ó dún fùù. Iná náà jáde, aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó dúró ṣinṣin, kò ta, kò rú. Aránṣọ ń jó. Birikilà ń kígbe pé òun lòun mọ ikùn yẹn. Mo gbé omi kaná, ó hó. Mo dúró síwájú rẹ̀, mi ò lè kúrò. Inú yàrá yẹn mọ́lẹ̀ débi pé mo rí ibi tí ìyá rẹ máa ń fi ẹ̀yìn tì lára ògiri.

Aránṣọ wò mí. Ó ní, "Bàbá, ojú yín ń ṣomi."

Mo ní èéfín ni.

Ó ní, "Èéfín wo?"

Mo wo ààrò, mo wo àjà. Òótọ́ ni, kò sí èéfín. O ti gba irọ́ tí mò ń pa lọ́wọ́ mi, Olórí-kunkun.

Aránṣọ ti gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun ò ní kọ ìyẹn, ọ̀rọ̀ àárín ilé ni. Mo ní kó gbé e padà. Mo ní kó kọ ọ́ pé bàbá rẹ sunkún, ó sunkún dáadáa, inú rẹ̀ sì dùn. Mo ní kó má fi ṣúgà sí i.

Wá wò ó. Iná ń bẹ lórí ààrò ìyá rẹ.

Bàbá rẹ.